Bùrẹ́dì Tí Rafiat Pò Nítorí Ìyá Rẹ̀

Rafiat ń nu ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Dublin, ní Ireland, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti Ìwó pé ìyá wọn ti kú. Oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni. Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Kí Rafiat tó parí iṣẹ́, wọ́n ti sin ìyá. Kò sunkún. Ó da omi ìnulẹ̀ nù, ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí ilé wọn ní Phibsborough, ó sì se ìrẹsì fún àwọn ọmọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti dín lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin Mẹ́síkò kan, Consuelo, ló ń gbé òkè wọn. Àgbàlagbà ni. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Tomás, nítorí náà Ìyá Tomás ni Rafiat máa ń pè é. Lọ́dọọdún, bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ó máa ń ṣe bùrẹ́dì dídùn kan tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fi ń rántí àwọn òkú wọn. Àmọ́ lọ́dún náà, ó yọ̀ ṣubú lórí ewé tí òjò ti rin, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn.

"Rafiat, ọwọ́ kan ò lè po fùláwà. Jọ̀ọ́, bá mi pò ó."

"Ẹ jókòó, Ìyá Tomás. Ẹ kàn máa sọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Rafiat po fùláwà, ẹyin, bọ́tà, ṣúgà àti yíìsì, ó rin èèpo ọsàn sí i. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fẹ́ da fùláwà kún un.

"Rárá o! Máa pò ó lọ."

Ó pò ó títí tó fi rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná tutù, bùrẹ́dì kọ̀, kò wú. Ni Rafiat bá gbé abọ́ náà sínú hot press, kọ́bọ́ọ̀dù tí táńkì omi gbígbóná wà, níbi tí wọ́n ti ń sá ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, ó ti wú dé ẹnu abọ́. Consuelo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ó ní kí Rafiat bu díẹ̀ nínú rẹ̀, kó yí i gbọọrọ gbọọrọ, kó tò ó sórí bùrẹ́dì náà.

"Egungun ni," ni ó wí.

Ọwọ́ Rafiat dúró. "Egungun ta ni?"

"Ti ẹni tí o bá ń rántí. Tomás ni tèmi. Ta ni tìrẹ?"

"Ìyá mi. Husainat."

Bó ṣe dárúkọ náà ni ẹkún gbọ̀n ọ́n. Fùláwà kún ọwọ́ rẹ̀, kò lè nu ojú. Consuelo fi ọwọ́ òsì bá a nù ún.

Bùrẹ́dì ti jinná nígbà tí Lateef, ọkọ rẹ̀, ti ibi iṣẹ́ dé láti Ballycoolin. Ó gbọ́ ohun tó jẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bùrẹ́dì òkú? Nínú ilé mùsùlùmí?"

"Bàbá Nàbílà, mi ò gbé e síwájú ère kankan. Sàráà ni mo fẹ́ fi ṣe fún ìyá mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní omi mu nítorí wọn."

Nàbílà, ọmọ wọn, yọjú. "Daddy, it's only bread. Can I have some?"

Lateef lọ fọ ọwọ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ṣe àdúà fún ìyá ìyàwó rẹ̀, gbogbo wọn ṣe àmín. Ó bu bùrẹ́dì fún ọmọ rẹ̀, ó sì bu tirẹ̀. Consuelo gbé ọ̀kan lọ sókè síwájú fọ́tò Tomás.

Lọ́jọ́ kejì, Rafiat kó ìyókù lọ síbi iṣẹ́, ó pín in fún àwọn tí wọ́n jọ ń nu ilẹ̀, ó sọ fún wọn pé sàráà ìyá òun tó kú ni. Bernie, ọ̀gá wọn, ọmọ Dublin, jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ ọn, ó ní, "That's grand." Lẹ́yìn náà ó béèrè irú èèyàn tí ìyá Rafiat jẹ́.

Kò sẹ́ni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀ rí. Rafiat fa àga kan, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọ́ràn wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in.