Ilé Tí A Rà Lórí Ilé Onílé

Ọdún kejì tí mo wọlé ọkọ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé rà. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Ọkọ mi ń wa lọ́rì láàárín Ìbàdàn àti Iléṣà, lọ́rì náà sì jẹ́ tirẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ kan ní Kúdẹtì. Yàrá kan ṣoṣo ni a háyà ní Yemẹtù, èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀, aṣọ ni a ta sí àárín tí a fi pín in sí méjì. Aládùúrà paraku ni ìyá ọkọ mi. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdájí ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, èmi náà yóò máa ṣe àmín lórí ẹní mi pẹ̀lú oorun lójú. Nígbà tí mo wá lóyún, ọkọ mi sọ pé kò sí ibi tí a ó tẹ́ ọmọ sí mọ́ àfi bí a bá fẹ́ so ó kọ́ ògiri.

Ilé ìjọba ní Bódìjà ni a kọ́kọ́ lọ wò. Ilé náà dára, koríko yí i ká, a sì fún ọkọ̀ ní ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkọ mi ń yọ̀ títí tó fi gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé tó mú wa kiri, a sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Nígbà tí a ròyìn fún Ìyá, wọ́n ní kò tilẹ̀ wu àwọn, pé ilé tó jìnnà síra báyẹn, bí èèyàn bá ń kú lọ níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀.

Èkejì wà ní Pópó Yemọja. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni, ó ní kànga, ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga ju agbára wa lọ. Ìyá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí fèrèsé yàrá, ògiri aládùúgbò ni ọwọ́ mi bà. Mo ṣí ti pálọ̀, èéfín wọlé bá mi, mo sì gbóòórùn ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń sè. Obìnrin tó ń sè é gbójú sókè láti ibi ìdáná rẹ̀, ó kí mi pé ẹ kú àbọ̀, bí ẹni pé mo ti wọ inú ilé rẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo sọ fún ọkọ mi pé n kò lè gbé ibi tí n kò ti ní rí ojú ọ̀run.

Ẹ̀kẹta ni ti Bẹẹrẹ. Bàbá kan tó ń ra kòkó ló kọ́ ọ. Àwọn èèyàn sọ pé ó fẹ́ kí ẹni tó bá dúró lórí òkè Màpó máa rí òrùlé òun, ìdí nìyẹn tó fi kọ́ ọ ní alájà mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń kan páànù ni owó kòkó já wálẹ̀. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀, Bàbá ń gbé àárín, àjà òkè sì wà níbẹ̀ láìní ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, àwọn ẹyẹlé ló ń gbé e. Bàbá wá ní òun yóò ta òkè náà nìkan. Kì í ṣe pé òun yóò fi háyà o, títà ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí ní àdúgbò wa. Ọkọ mi gbọ́ ọ nínú gáráàjì, ó rò pé àwàdà ni.

A lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ̀yìnkùlé ni àtẹ̀gùn náà gbà, mo sì sinmi ní àárín kí n tó débẹ̀. Nígbà tí mo gòkè tán, pálọ̀ ńlá ni mo bá níwájú, bàráńdà wà lẹ́nu rẹ̀, yàrá méjì wà lọ́tùn-ún, méjì lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sì là á láàárín. Ọkọ mi gba iwájú lọ. Ó rí gbọ̀ngàn Màpó lórí òkè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá, ó rí ojú títì àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ọjà'ba. Èmi gba ẹ̀yìn lọ. Òrùlé ni mo rí, òrùlé páànù tó ti dípẹtà, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ìpẹ́ ẹja títí dé ibi tí ojú mi kò tó mọ́. Atẹ́gùn fẹ́ gèlè mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, abẹ́ òrùlé ni mo ti ń wo òrùlé. N kò wò ó láti òkè rí.

Ọkọ mi ní yàrá iwájú ni a ó máa sùn, kí òun lè máa rí lọ́rì òun níbi tí òun bá gbé e sí. Mo ní rárá, yàrá ẹ̀yìn ni, nítorí atẹ́gùn. Ó ní òun ni òun ń gbé owó kalẹ̀. Mo ní èmi ni mo gbé ọmọ sínú. A wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn wa. Bàbá oníkòkó ni.

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ti kó wọlé tán. Owó ló kù.”

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn ni wọ́n pè é. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù ilé náà bí ẹni tó ń ra ewúrẹ́ arọ. Kò ní ilẹ̀kùn. Ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lójú títì ni a ó ti máa pọnmi gòkè. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná wà, ọbẹ̀ yóò ti tutù kó tó dókè. Bí òrùlé bá jò ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe? Bàbá ní ẹni tí òjò bá kọ́kọ́ kàn ni, òjò kì í sì í fo orí dé ẹsẹ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń ná an. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò sí irínwó pọ́n-ùn, Bàbá sì fún wa láyè láti kọ́ ilé ìdáná tiwa sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

“Ilé tí kò nílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Tí mo bá kú, ibo lo máa sin mí sí? Inú afẹ́fẹ́?”

Ọkọ mi gbìyànjú láti fi ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni. Nígbà náà, inú ilé tàbí ìta ilé ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí, kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè máa wí pé ibi tí bàbá wa sùn sí rèé. Bàbá mi, olùkọ́ ìjọ ni wọ́n, wá bá wa sọ̀rọ̀ pé ìtẹ́ òkú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ní ẹni tí kò nílé ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Ìyá kò ní ibòmíràn; bàbá ọkọ mi kò kọ́lé kó tó kú. Bẹyẹrúnkà ni ilé bàbá wọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n pín oko bàbá náà, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kò fún àwọn obìnrin ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá kò ti tẹ ilé náà mọ́. Bí wọ́n bá ń ti Ọjà'ba bọ̀, wọ́n á yí ọ̀nà gba ibòmíràn.

Ọkọ mi kò lè rà á kí inú ìyá rẹ̀ má dùn. Ó bá Bàbá oníkòkó sọ ọ́, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Bàbá ní àwọn ní sùúrù, àmọ́ télọ̀ kan ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Ìyá wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n ní kí a mú àwọn lọ wo ilé ẹyẹ náà, kí àwọn lè mọ ohun tí àwọn ń kọ̀ níwájú Ọlọ́run. Wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n ń ka sáàmù gòkè. Nígbà tí a dókè, wọ́n fi ìka kan ògiri, wọ́n na apá wọn wo fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní àtẹ̀gùn yìí yóò pa arúgbó. Wọ́n wá wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n dé ojú fèrèsé, wọ́n sì fara ti ògiri.

Mo rò pé òòyì ló ń kọ́ wọn. Mo di ìbàdí wọn mú. Wọ́n na ọwọ́ síwájú.

“Ilé wa nìyẹn,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Igi ìyeyè bàbá mi rèé.”

Mo tẹ̀ lé ọwọ́ wọn, mo sì rí i: igi kan, àti òrùlé gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo òrùlé náà ló ti pọ́n, àfi apá kan tó ń dán lójú oòrùn nítorí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Páànù tuntun ni. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ kò lè rí i.

“Yàrá ìyá mi ni,” ni Ìyá wí. “Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ páànù rẹ̀. Tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣì ń jò.”

Wọ́n yí padà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kíákíá ju bí wọ́n ṣe gòkè lọ. A rò pé inú bí wọn, a kò sì lè sáré tẹ̀ lé wọn nítorí oyún mi. Bẹyẹrúnkà ni wọ́n gbà lọ. A jókòó ti Bàbá oníkòkó, a ń retí, ọkọ mi ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá láti pa ìrònú. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a rí Ìyá tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú bàbá arúgbó kan tó wọ fìlà funfun, tó ń tẹ ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n wọn ni. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì, ojú wọn sì pọ́n.

Ẹ̀gbọ́n náà ní òun ti ti yàrá ìyá àwọn pa láti ìgbà tí àbúrò òun ti bínú lọ. Òun kò mọ bí òun ṣe lè wá bẹ̀bẹ̀, òun sì ronú pé bí òun bá kàn ń tún un ṣe, bó pẹ́ bó yá, yóò wá wò ó. Wọ́n wá sọ fún ọkọ mi pé, “Ọmọ bíbí inú ilé kì í wá ibi tí wọ́n máa sin ín sí kiri. Ibi tí ìyá wa sùn sí wà níbẹ̀, àyè sì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.” Wọ́n ṣe alihamdulilahi, Ìyá ṣe halleluyah.

“Ẹ lọ ra òkè yín,” ni Ìyá wí. “Mo ti rí ilẹ̀ tèmi.”

Lọ́yà tó bá wa kọ ìwé ní òun kò kọ irú rẹ̀ rí, ó sì bi wá lẹ́ẹ̀mejì bóyá a mọ ohun tí a ń ṣe. Bẹ́ẹ̀dì onírin wa kò gba àtẹ̀gùn. Okùn lọ́rì ni ọkọ mi fi fà á gòkè láti ojú títì gba bàráńdà, gbogbo Bẹẹrẹ sì dúró, wọ́n ń pàṣẹ: ẹ fà á sí ọ̀tún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Yàrá ẹ̀yìn tí mo ti ń jà fún, Ìyá ti tẹ́ ẹní wọn síbẹ̀ kí n tó gòkè. Mo gbé ẹrù mi lọ sí yàrá iwájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé wa di ibi ìwòran. Bí ọjọ́ Àìkú bá ti rọlẹ̀, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn awakọ̀, àwọn aládùúrà Ìyá, gbogbo wọn á máa gòkè wá wo ìlú. Olúkúlùkù á máa wá òrùlé ara rẹ̀, tó bá rí i, á pariwo. Bàbá oníkòkó náà á gbé àga wọn wá láti ìsàlẹ̀, wọ́n á jókòó sí bàráńdà wa, wọ́n á máa sọ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan fún àwọn àlejò. Bí mo bá sì gbé ẹ̀pà síwájú wọn, wọ́n á dúpẹ́ bí àlejò yòókù.