Ewé Lójú Títì

Ó rẹ Olúsànyà, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń lé lọ. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ló ti ń bá ọkọ̀ èrò ṣiṣẹ́ láàárín Òde Rẹ́mọ àti Ṣàgámù. Ẹni tó bá rò pé ìjókòó kì í rẹni, kí ó lọ jókòó sídìí ọkọ̀ fóṣù kan, kí ó wá ròyìn.

Bọ́lẹ̀kájà ló fi bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ onípákó tí orúnkún èrò ti ń gbá orúnkún. Ọmọọṣẹ́ ni nígbà náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń so mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ kì í ṣe ọkọ̀ wíwà, ewé gígé ni. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, kí ó sáré wọ igbó, kí ó gé ewé tútù, kí ó tò ó sójú títì sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níwájú. Ọ̀gá náà máa ń wí pé awakọ̀ tí kò bá rí ewé, kó yáa lọ dáko.

Bọ́lẹ̀kájà kógbá wọlé, Datsun dé. Datsun lọ, Pẹ́jò gorí àléfà. Nígbà tó yá, ọ̀kadà yọ, ó ń gbé èrò dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀ lé e, inú Ṣàgámù di tiwọn, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ wọ takisí láti Sábó dé Mákùn mọ́. Olúsànyà ta Pẹ́jò, ó ra Máíkírà, ó di ọ̀nà Òde mú. Ayé ń yí, òun náà ń bá a yí. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò bá a yí mọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni dókítà kan ti sọ fún un pé ojú òsì ti lọ, ọ̀tún náà ń múra àtitẹ̀ lé e, kí ó yé wakọ̀. Ó gbọ́, ó dúpẹ́, ó sì padà sórí ìlà ní gáréèjì. Bí àwọn ará gáréèjì bá mọ̀, wọn ò ní fún un ní tọ́ọ̀nù láti kó èrò mọ́, ọkùnrin tí kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn, kí ni yóò máa jí ṣe láàárọ̀? Ẹ̀rù yìí ló ń bà á. Èmi ò ní gbè é lẹ́yìn o. Ẹ̀mí èèyàn márùn-ún kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe àgídí.

Ẹnì kan ni kò jẹ́ kí àṣírí tú. Àtinúkẹ́ ni, opó aránṣọ tó ń gbé Òde, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàgámù. Inú Pẹ́jò Olúsànyà ni ìrọbí Jùwọ́n, ọmọ rẹ̀, ti mú un láyé àtijọ́, kò sì gbàgbé bí ọkùnrin náà ṣe sáré lọ́jọ́ náà. Àràárọ̀ ló ń dúró de tọ́ọ̀nù rẹ̀. Gbogbo èrò ló ń sá fún ìjókòó ìdí jíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, níbi tí irin ti ń gún ni nítan, ibẹ̀ gan-an ni Àtinúkẹ́ ń yàn. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ẹnu rẹ̀ ò ní dákẹ́: àwọn ewúrẹ́ yìí tún ti jáde, ọlọ́kadà yìí ń sá eré burúkú bọ̀, kòtò yìí ò ṣá ní dí láéláé. Àwọn tó wà lẹ́yìn a máa kùn pé ìyá yìí lẹ́nu jù. Olúsànyà kì í kùn. Bó bá ti dárúkọ kòtò, á yà fún kòtò. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn ò sì sọ ọ́ síra wọn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, Àtinúkẹ́ lọ kí Jùwọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìlíṣàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bọ́ sídìí jíà, ó ki orin bọ etí, kò sọ̀rọ̀ sẹ́nikẹ́ni. Títì dákẹ́ fún Olúsànyà bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Wọ́n ti kọjá Ìpẹ̀rù nígbà tó gbọ́ ṣàà, ṣàà, lábẹ́ táyà. Ewé ni. Ó tẹ búréèkì tagbáratagbára. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, àárín rẹ̀ àti ìdí tírélà tó bàjẹ́ kò ju gígùn apá kan lọ.

Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n bú u, ó sì tọ́ sí i. Obìnrin kan bi í pé ṣé kò rí ewé ni. Ó ní òun ò rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu nìyẹn. Ó pe Mọ́ṣúdù, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, lórí fóònù, nígbà tó sì dé, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i pé kó máa wà á lọ bẹ́ẹ̀. Ojú tì í, ó dùn ún, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ara tún fúyẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì Òde, ó fẹ́ lọ rí dókítà náà ní Ṣàgámù. Àtinúkẹ́ wá bá a níbẹ̀.

“Ìyá Jùwọ́n, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tí ẹ ti kí òpó iná ẹ kú àárọ̀, tí ẹ sì ń dúró kó dáhùn.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi, Bàbá.” Ó mí kanlẹ̀. “Mo jẹ̀bi. Mo rò pé ojú tèmi á tó àwa méjèèjì.”

Tọ́ọ̀nù kan Mọ́ṣúdù. Àtinúkẹ́ ti ń lọ síwájú, sídìí jíà tó ti mọ́ ọn lára, ló bá yí padà, ó wá jókòó ti Olúsànyà lẹ́yìn. Ọkọ̀ kọjá Ìpẹ̀rù. Tírélà ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀.

“Ewé wà lójú títì, Bàbá,” ó wí jẹ́jẹ́.

Mọ́ṣúdù ti rí i, ó ti ń rọra. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún Olúsànyà ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá búréèkì.