Òórùn Ọ́ìlì Nínú Mọ́tò Ọkọ Mi

Lọ́dún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni mọ́tò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún kan ó lé díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Kì í ṣe òórùn bẹntiróòlù, kì í sì í ṣe ti rọ́bà tó ń jó. Òórùn ọ́ìlì tó kán sórí irin gbígbóná ni. Bí mo bá ń lọ, atẹ́gùn á gbé e dànù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró díẹ̀ ní Fádèyí, á kún inú mọ́tò.

Ilé ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń wa mọ́tò yìí lọ: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọbaníkòró, tí ìbàdí rẹ̀ kán, tí kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ wa. A ó jẹun, a ó sì máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wa tí àwa méjèèjì kò rántí dáadáa. Láti Ọjọ́bọ̀ kan sí èkejì, yàtọ̀ sí “Ẹ káàárọ̀, mà” àwọn ará àdúgbò, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó gùn. Orúnkún mi kò sì gbà fún ọ̀kadà. Bí mọ́tò bá lọ, Ọjọ́bọ̀ náà lọ nìyẹn.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́, lẹ́bàá ilé wa ní Bàrígà, kò bi mí ní ohunkóhun. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, àfi kí òun tú u palẹ̀. Mo ní n ó rò ó. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin gbọ́ ní Abẹ́òkúta, ó ní kí a kúkú tà á, òun ti rí ẹni tí yóò rà á, òun yóò mú un wá ní Sátidé. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní ó tó àsìkò kí n jókòó sílé kí n sinmi. Mo ti ń sinmi láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Mo mọ bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wa mọ́tò náà lọ sí Ṣómólú, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn tó wà lẹ́yìn ilé àwọn atẹ̀wé, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá nígbà tí mo bá ń lọ ló ń rùn jù tàbí nígbà tí mo bá dúró. Ó béèrè bóyá èéfín ń jáde lẹ́yìn. Inú mi dùn sí i. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, ẹni tó bá dáhùn kí ìbéèrè tó parí, òdo ni mo máa ń fún un.

Ó fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́, ó fi àkísà nù ún gbẹ, ó wá bu páúdà ọmọdé wọ́n ọn lára, ó ní kí n tanná sí i kí n sì jókòó. Nígbà tó pè mí, gbogbo ara ẹ́ńjìnnì ṣì funfun, àfi ìlà pupa rúsúrúsú kan tó ti abẹ́ ìdérí òkè ṣàn dé orí sàlẹ́ńsà. Ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tó ń dí abẹ́ ìdérí náà, ló ń jò. Ó pa iná, ó ní kí a fún un láàyè kó tutù. Lẹ́yìn náà ló fa gééjì jáde, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Ó wò ó, ó wò mí.

“Mọ́mì, ta ló ń bu ọ́ìlì sí mọ́tò yìí?”

“Èmi ni. Ààbọ̀ ike, ní gbogbo Sátidé ìmọ́tótó.”

“Ẹ sì máa ń wo gééjì kí ẹ tó bù ú?”

Mo ní n kì í wò ó.

Ní Sátidé ìmọ́tótó, Sátidé tó máa ń parí oṣù, tí ẹnikẹ́ni kì í jáde títí di aago mẹ́wàá, èmi a máa gbá ojú gọ́tà, ọkọ mi a sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti ibi gọ́tà, ike ọ́ìlì tó ń dà nìkan ni mò ń rí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì bo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe kó tó dà á. Nígbà tó kú, mo gba iṣẹ́ náà ṣe kí àgbàlá wa má bàa yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, n kò sì pa oṣù kan jẹ. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lòun ń wa mọ́tò lọ sí Àpápá, tí ọ́ìlì sì ń dín kù. Èmi, Ọbaníkòró, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo da ìdáhùn kọ láìwo ìbéèrè.

“Ẹ bọ́ ọ yó jù ni, Mọ́mì, ó wá ń bì. Báyìí ni gbogbo obìnrin máa ń ṣe.”

“Kì í ṣe gbogbo obìnrin,” ni mo wí fún un. “Èmi ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ó fa ọ́ìlì tó pọ̀ jù kúrò, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó ní òórùn náà kò ní lọ lọ́jọ́ kan, àfi tí èyí tó ti kán sórí sàlẹ́ńsà bá jó tán. Mo ní kó kọ́ mi ní gééjì. Fà á, nù ún, tì í padà, fà á, kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Ìgbà kẹta ni mo tó ṣe é bó ṣe yẹ. Ohun tí ọkọ mi ń ṣe lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì nìyẹn, n kò sì bi í rí.

Ọmọ mi àti oníbàárà rẹ̀ dé ní Sátidé. Mo tanná sí mọ́tò. Ọmọ mi fa imú, ó ní, “Màámi, ó ṣì ń rùn.” Mo ṣàlàyé ohun tó fà á fún un, n kò fi ẹ̀bi tèmi pamọ́. Mo ní n kò tà á mọ́.

Ó fi ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Bó bá wá dá yín dúró lójú ọ̀nà ńkọ́? Ta ló wà pẹ̀lú yín?”

“Kò sí ẹnì kankan,” ni mo dáhùn. “Ìdí tí mo fi ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.”

Ó bẹ oníbàárà náà. Wọ́n jẹ iṣu tí mo sè, wọ́n sì lọ. Mo fọ abọ́ mẹ́ta, mo dojú wọn dé. Ọjọ́bọ̀ ṣì ku ọjọ́ márùn-ún.