Òṣùká Abẹ́ Àgbélébùú

Nígbà tí mo ṣì kéré, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan wà lọ́nà Ilo-Awela. Ó ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ò mọ̀ pé ó wà. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Pátákó mẹ́rìnlá ló wà lára ògiri náà, tí wọ́n gbẹ́ ìrìn Jésù lọ sí ibi ikú rẹ̀ sí. Bàbá mi ló gbẹ́ wọn.

Mùsùlùmí ni bàbá mi, ará Ọ̀yọ́ ni. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Tíṣà ìjọ ló máa ń wá sọ ìtàn fún un, òun á sì gbẹ́ ohun tó bá gbọ́. Tíṣà ní, “Jésù ru àgbélébùú rẹ̀.” Ẹ gbọ́ o, “ru” ló wí. Nínú ọ̀kan lára pátákó náà, bàbá mi bá gbé igi náà ka Jésù lórí, ó sì gbẹ́ òṣùká sábẹ́ rẹ̀, aṣọ tí a máa ń ká róbótó kí ẹrù má baà dun ni lórí.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kó wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rín pa gbogbo ìjọ.

“Bàbá onígi, ṣé ọjà ni Jésù ń lọ ni?”

Tíṣà ní èjìká ló yẹ kí igi náà wà. Bàbá mi fa ọ̀bẹ yọ, ó fẹ́ gé òṣùká náà kúrò. Ìyá arúgbó kan tó ń ru igi ìdáná wá láti Alapoti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ fi sílẹ̀ fún un jàre! Gbogbo ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́, ṣé òṣùká náà lẹ tún fẹ́ gbà lórí ẹ̀?”

Ẹ̀rín dá. Òṣùká dúró. Láti ìgbà náà, obìnrin tó bá ń lọ sóko á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, títí ibẹ̀ fi ń dán.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ará ìjọ náà ránṣẹ́ pè mí. Ikán ti jẹ pátákó mẹ́tàlá. Ó ku ọlọ́ṣùká nìkan. Wọ́n fẹ́ lẹ táìlì mọ́ ògiri, ère tuntun sì ti dé láti Èkó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ìjọ ò bínú. Ó pe ọmọbìnrin kan nínú akọrin.

“Kí lo rí lórí Jésù yìí?”

“Táyà ni, sà. Bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dáná sun olè.”

“Màmá, ẹ gbọ́ fúnra yín.”

Mo rò pé màá sunkún. N kò sunkún. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Ọlọ́kadà tí mo pè ní òun ò lè fi ọ̀kadà gbé pátákó. Mo bá ṣí ìborùn mi, mo ká a róbótó, mo gbé e lé orí. Ọmọbìnrin náà bá mi gbé pátákó náà rù. Ó wo orí mi, ó wo orí Jésù.

“Háà! Òun náà nìyẹn?”

“Òun náà ni.”

Ayé ti yí padà. Láyé tiwa, ọmọ kékeré ti mọ òṣùká ká. Lónìí, mọ́tò ló ń gbé gbogbo ẹrù, n kò sì ní kí ẹ padà máa fi orí rù ú. Ọrùn mi ṣì ń dùn mí látọjọ́ náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ni pátákó náà wà báyìí. Bí mo bá ń jáde, mo máa ń fọwọ́ kan òṣùká náà. N kì í ro nǹkan kan tí mo bá ń ṣe é.