Otilia àti Omi Àgbàlá Wa

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Otilia, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Kí n ti sọ ìyẹn ná. Alágídí tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni ni, tó ń fi okùn awọ kọ́ iwájú orí gbé àpò kọfí sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Huehuetenango wa yìí. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló jogún ilẹ̀ tó ga jù, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí kọfí tètè pọ́n, tó sì fi ń dùn ju tìsàlẹ̀ lọ. Kọfí ibẹ̀ sì làwọn oníbàárà ń du. Ó dun Fidencio ọkọ mi, ó dun èmi náà.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilé wa ni ilé ẹ̀ wà, àgbàlá wa ni omi ẹ̀ sì ń gbà kọjá.

Lọ́dún náà, Otilia bó èso kọfí ẹ̀, ó kó o sínú kòtò símẹ́ńtì kí ohun yíyọ̀ tó bò ó lè tú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ti igi bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ihò tí igi náà dá ò dí. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ ìyẹn níbí: fọ̀ ọ́ báyìí, àbí kó kan. Fidencio náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi ki òkúta àti àkísà bọ ẹnu páìpù tó ń gbé omi láti àgbàlá wa lọ sílé Otilia. Mò ń yí àkàrà àgbàdo lórí iná, mo rí i. Kí ló kàn mí?

A rò pé yóò wá bẹ̀. Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú àpò kọfí tó ń kán tótó lẹ́yìn. Fidencio kí i, ó bi í pé ṣé kò sí o, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Otilia da kọfí sínú ọpọ́n símẹ́ńtì tiwa tí omi kún, ó ká aṣọ sókè, ó ń fọ̀ ọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé òmíràn wá. Omi ìdọ̀tí tó ki, tó ń rùn, kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó ṣàn lọ sórí pèpéle tí a sá kọfí tiwa sí, èyí tó kù díẹ̀ kó gbẹ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń ba tiwa jẹ́ o!"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyàwó, ọkọ ẹ ni ò jẹ́ kí omi wá bá mi. Èmi ni mo wá bá omi."

Fidencio sáré lọ fa àkísà yọ, ṣùgbọ́n kọfí wa ti rin gbingbin.

Oníbàárà ra ti Otilia tayọ̀tayọ̀. Ó gbóòórùn tiwa, ó yímú. Kọfí tiwa yẹn la mu nílé títí òjò fi dé, pẹ̀lú òórùn ẹ̀.

Mo ṣì kórìíra obìnrin náà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí n tó dáná, èmi fúnra mi ni mò ń yọ ewé kúrò lẹ́nu páìpù ẹ̀.