Òkè Sínáì àti Àtẹ̀gùn Ilé Mi

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo gun Òkè Sínáì láìwọ bàtà títí ó fi rẹ òkè náà. Kì í ṣe èmi ló rẹ̀ o, òkè ni. Nígbà tí mo dé góńgó orí rẹ̀, mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn mí." Mo ní kó ṣe sùúrù, mo fẹ́ wo Dagenham tí mò ń gbé nílùú òyìnbó díẹ̀ kí n tó máa lọ. Mo sì rí Dagenham kedere. Mo rí òrùlé ilé mi, mo rí ológbò aládùúgbò mi tó ń yàgbẹ́ sí ìdí ẹ̀fọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe, mo jágbe mọ́ ọn láti Íjíbítì, ó sì sá.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ológbò náà.

Ohun tó gbé mi dé Íjíbítì, àtẹ̀gùn ni. Ilé mi tó wà lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ òpópónà Heathway ní àtẹ̀gùn kan tó tẹẹ́rẹ́, tó dà bí àkàbà. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná wà, òkè ni yàrá àti ilé ìwẹ̀ wà. Òyìnbó tó kọ́ ọ kò rò ó pé ẹnikẹ́ni máa darúgbó sínú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Barking, wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó bá mi láàárín àtẹ̀gùn níbi tí mo jókòó sí, tí mo gbé àwo ẹ̀bà lé itan.

Ó wo ẹ̀bà, ó wo orúnkún mi.

"Dádì, ẹ ò lè gòkè, ẹ ò lè sọ̀. Ẹ ti há."

"Ta ló há? Mo ń sinmi ni."

"Ẹ ń sinmi tẹ̀yin tọbẹ̀?"

Mo ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń tù mí lára. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bá mi rí fúláàtì kan ní Rush Green, ní ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn arúgbó. Kò ní àtẹ̀gùn kankan. Okùn pupa kan wà nínú ilé ìwẹ̀ tí èèyàn máa fà bó bá ṣubú. Obìnrin kan sì wà tó máa ń kanlẹ̀kùn lárààárọ̀ láti mọ̀ bóyá o ti kú. Bí o bá dáhùn, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, yóò sì lọ sí ẹnu ọ̀nà kejì láti lọ bi ẹlòmíràn.

Mo ní mi ò lọ. Ilé tí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ fi ọwọ́ ara wa kùn lọ́dà, ilé tí mo mọ ibi tí pátákó ilẹ̀ rẹ̀ ti ń ké, ṣé torí orúnkún ni mo ṣe máa fi sílẹ̀? Ṣebí orúnkún ló ń gbé inú ilé mi, èmi kọ́ ni mò ń gbé inú ilé orúnkún.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ìjọ wa náà dá ọ̀ràn tirẹ̀ sílẹ̀. Aládùúrà ni wá, àwa aláṣọ funfun. Aládùúrà kò sì lè ṣe kó má ní òkè àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni Dagenham tẹ́jú bí ojú tábìlì. Fún ìgbà pípẹ́, orí ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà gíga kan ní Barking la fi ń ṣe òkè. A ó gùn ún dé òkè pátápátá, a ó tan àbẹ́là, a ó máa ké sí Ọlọ́run láàárín mọ́tò àwọn èèyàn. Ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ká wa mọ́, ó bi wá pé mọ́tò tiwa dà. Wòlíì wa dá a lóhùn pé kẹ̀kẹ́ iná Èlíjà là ń retí.

Ẹ̀ṣọ́ náà ní, "Bó bá dé, kó sanwó ìgbọ́kọ̀sí."

Ó lé wa sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wòlíì kéde pé ìtìjú ti tó, pé ní ìgbà ìrúwé, òkè gidi la ó gùn, òkè tí Mósè fúnra rẹ̀ gùn. Ó bèèrè àwọn tó máa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wolẹ̀. Mo dìde. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà láyé mi, ẹnu ni mo fi parí ìyókù. Mo ní Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, orí àpáta ni mo ti kọ́ ìrìn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ewúrẹ́ ló máa ń wá kọ́ òkè gígùn lọ́dọ̀ mi. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìròyìn sì dé etí ọmọ mi kí n tó bọ́ sùtánà.

Ó pè mí lórí fóònù. "Òkè Sínáì, Dádì? Ẹ̀yin tí ẹ jẹun lórí àtẹ̀gùn?"

"Èmi náà ni."

"Ó dáa. Ẹ gùn ún dé orí, mi ò ní dárúkọ Rush Green mọ́ láyé mi. Ẹ ò dé orí, ẹ kó ẹrù yín."

"Mo gbà."

"Mo sì ń bá yín lọ. Ẹnu yín kì í ṣe ẹnu tí èèyàn lè gbà ní ẹ̀rí."

Ìjọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa o. Tirẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti ń wọ bàtà wọlé, tí pásítọ̀ ti ń wọ ṣòkòtò tó fún un débi pé kò lè kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni. Ó ra bàtà ńlá kan fún mi, bàtà olókùn tó ní eyín lábẹ́ bí ẹnu ọ̀nì. Àwọn ará ìjọ náà ra tiwọn. Ṣe ni àwọn alàgbà ìjọ wa ń fi bàtà ogun rìn lọ rìn bọ̀ ní Heathway kó lè bá wọn lẹ́sẹ̀ mu. Wòlíì ra ọ̀pá tí wọ́n ń tẹ̀ lórí òkè, ó ń fi ọ̀pá náà gun bọ́ọ̀sì.

A dé ẹsẹ̀ òkè ní àárọ̀ kùtù. Ẹ̀yin tó rò pé aṣálẹ̀ ooru ni, ẹ lọ síbẹ̀ ní ìgbà ìrúwé kí eyín yín máa gbá ara wọn. Òkè yẹn kò ní igi kan, kò ní koríko tó ṣe é júwe, àpáta lórí àpáta ni, ó pupa bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. A to ara wa, gbogbo wa dì gbàgìgbagi nínú bàtà eléyín. Nígbà náà ni wòlíì jáde nínú sùtánà, ó ní kí oníkálùkù wọ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni a ti wo ẹsẹ̀ ara wa.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé aláṣọ funfun kì í wọ bàtà. Bí sùtánà bá ti wọ ọrùn, bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Nínú yìnyín Dagenham, ẹsẹ̀ lásán la fi ń ti ilé dé inú mọ́tò, tí àwọn òyìnbó ń wò wá bí ẹni tí iná sun ilé rẹ̀. Odindi oṣù la fi ra bàtà, la fi wọ bàtà, la fi yangàn bàtà, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó rántí òfin tó ń pa mọ́ lójoojúmọ́.

Mo ní, "Wòlíì, ṣé a ò lè wọ bàtà gòkè, ká wá wọ sùtánà lókè?"

"Mósè dé ibí, wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Ṣé ẹ̀yin ju Mósè lọ ni, Bàbá?"

Ọmọ mi kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Mósè kì í ṣe ará Dagenham. Inú aṣálẹ̀ yìí ló ti ń da ẹran, ẹsẹ̀ tiẹ̀ ti yi."

Wòlíì nawọ́ sí bàtà mi. A bọ́ bàtà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó fẹ́ ṣamọ̀nà wa, Lárúbáwá tó bí ọmọ mẹ́jọ tó sì ti rí oríṣiríṣi aṣiwèrè lórí òkè náà, wo aṣọ funfun wa, ó wo ẹsẹ̀ wa, ó tẹrí ba.

"Hájì," ó ní. "Hájì, Hájì, Hájì," ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wòlíì ní ká sọ fún un pé a kì í ṣe Àlàájì. Ọkùnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Hájì."

A gbéra. Òkúta àárọ̀ tutù bí ẹja inú fíríìsà. A ò tíì yí kọ́nà àkọ́kọ́ tán tí wòlíì fi ní ẹ̀mí sọ fún òun pé kí òun gun ràkúnmí. Ó ní kò síbi tí Bíbélì ti lòdì sí ràkúnmí. Ẹni tó bọ́ wa ní bàtà wá jókòó sókè gàgà, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń fì wọ́n bí ẹsẹ̀ ìkókó. Èmi náà na ọwọ́ sí ràkúnmí kan.

Ọmọ mi ní, "Ràkúnmí ò sí nínú àdéhùn wa, Dádì."

Ó gbé bàtà mi kọ́ ọrùn. Ní gbogbo ibi tí mo bá ti dúró mí, á gbé e síwájú mi. "Ẹ wọ̀ ọ́."

"Mo wọ sùtánà."

"Ẹ bọ́ sùtánà."

"Kí n wà níhòhò níwájú Ọlọ́run Mósè?"

"Dádì, ilé yín lẹ fi ń ṣeré yìí o."

Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọ fún ìjọ pé òun kọ́ ewúrẹ́ ní òkè gígùn, báwo ló ṣe fẹ́ di bàtà níṣojú ìjọ? Mò ń lọ. Mo rí àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ tó yọ láti ibi tí àpáta ti sán, aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n kéré débi pé ojú ẹni tó tẹrí ba nìkan ló lè rí wọn, èmi sì tẹrí ba gan-an. Òòrùn gòkè. Òkúta tó tutù bí ẹja wá di agbada. Bí mo bá wẹ̀yìn, mo ń rí i pé sùtánà àwọn ará ń gùn sí i, wọ́n fà á sílẹ̀ débi tó ń wọ́ ilẹ̀. Eyín bàtà ló ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń yà sẹ́yìn àpáta lọ di bàtà, tí wọ́n ń padà wá pẹ̀lú ojú ẹni mímọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, nínú àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn, èmi nìkan ni mo kù lẹ́sẹ̀ lásán.

A dé búkà onítíì kan, òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ẹní aláràbarà wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ràkúnmí parí sí. Mo bi afinimọ̀nà pé kí ló kù. Ó nawọ́ sókè. Mo wo ibẹ̀.

Àtẹ̀gùn ni. Ẹ gbọ́ mi. Àtẹ̀gùn òkúta, gọ̀ǹgọ̀-gọ̀ǹgọ̀, tó lọ sókè títí tí n kò rí òpin rẹ̀. Mo ti Dagenham sá fún àtẹ̀gùn, mo wọ bàálù, mo la aṣálẹ̀ kọjá, àtẹ̀gùn ló tún jókòó dè mí.

Wòlíì sọ̀ lórí ràkúnmí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan àpáta ọ̀sán, ó ké Halelúyà kan tí kò sí nínú ìwé orin. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún mọ́ ọmọ mi. "Ọmọ mi, bàtà Bàbá yẹn, ṣé kì í há èèyàn?" Mo ní kí ọmọ mi gbé e fún un. Ó dì í, ó gòkè lọ.

Èmi náà dìde. Mo ká sùtánà lọ́wọ́, mo ń fo àtẹ̀gùn mẹ́ta-mẹ́ta, mo kọjá lára wòlíì, mo kí i pé ẹ kú ìrọ́jú. Ìgbà tó fi dé orí, mo ti gbàdúrà, mo ti sùn, mo ti jí. Ìgbà yẹn ni òkè bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ ó wá bi mí pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ Rush Green ni mo ti ń kọ èyí? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ó yẹ kí ẹ ti bi mí tipẹ́.

Láti ibi búkà onítíì lọ sókè, irọ́ ni. Èmi ni mo hun ún. Mo gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, orúnkún mi kọ̀, mo gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kọ̀. Mo padà wá jókòó sórí ẹní. Ọmọ mi jókòó tì mí, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó ń yọ ẹ̀rún òkúta. Àwọn ará ń kọrin lókè, ó ń dún bọ̀ wá bá wa.

Ó ní, "Dádì, mo lè sọ pé ẹ dé ọ̀hún. Wọn ò ní mọ̀."

Mo ní, "Irọ́ tèmi tó mi, má fi tìrẹ kún un. Màá kó."

Mo sì kó. Wọ́n kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀ yìí, mo dáhùn. Ìjọ, ẹ̀ṣọ́ Barking, bàtà, ràkúnmí wòlíì, òótọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò gun Òkè Sínáì dé orí. N kò dé ibẹ̀ rárá.