Núdùlù Tí Kò Lẹ́ja Nílé Ẹlẹ́ja

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo jáde nílé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bajulaiye, pẹ̀lú ọ̀rá núdùlù méjì nínú báàgì mi. Aago náà dá mi lójú, nítorí mo wo fóònù mi kí n tó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Bàrígà. Ohun tí kò dá mi lójú ni bóyá ẹni tí mo torí rẹ̀ rà á yóò jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, Ìyá ni mo sì ń pè wọ́n. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, ẹja ni wọ́n sì ti ń tà létí ọ̀sà ní Bàrígà kí wọ́n tó bí mi. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, nǹkan méjì dé bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwòsàn ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè, kí wọ́n dín ẹ̀bà, ìrẹsì àti púpurú kù, kí wọ́n má sì febi pa ara wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn náà wà nínú ààwẹ̀ Dáníẹ́lì: èèyàn lè jẹun, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí ẹran, ẹja, ẹyin tàbí mílíìkì nínú oúnjẹ náà. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀bà lọ́wọ́ wọn, pásítọ̀ gba ẹja. Tí a bá yọ méjèèjì kúrò nínú oúnjẹ ọmọ Ìlàjẹ, mi ò rò pé ohun tó kù pọ̀.

Ẹ̀wà ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé, títí ó fi sú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀ láàbọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, òòyì kọ́ wọn létí omi, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló mú wọn jókòó. Nígbà tí wọ́n dé ilé, wọ́n sọ fún mi pé bí oúnjẹ ọjọ́ kejì kò bá ṣeé gbé mì, àwọn yóò fi ààwẹ̀ náà sílẹ̀. Wọn kò fi ààwẹ̀ sílẹ̀ láàárín rí, mo sì rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Èmi kì í gba ààwẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n pàdánù rẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣubú sínú ọ̀sà.

Iṣẹ́ mi ni láti ka ohun tí a fẹ́ tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lébẹ́ẹ̀lì oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti rí oníbàárà tó ní kí a fi "ojúlówó" kún lébẹ́ẹ̀lì òróró rẹ̀, kìkì nítorí pé àyè ṣì kù níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tó wà níwájú ọ̀rá oúnjẹ kì í tètè wọ̀ mí létí. Ẹ̀yìn ni mo máa ń kà. Ẹ̀yìn núdùlù yìí sọ pé omi àti ìyẹ̀fun iṣu kan láti ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n fi ṣe é, àti pé sítáàṣì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ó ní kò burú, kí n ṣáà fi ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti wàrà sóyà sí i. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo gbà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Fọlá Agoro, mo ra kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, tàtàṣé, àlùbọ́sà eléwé, atalẹ̀ àti wàrà sóyà tútù. Nígbà tí mo wọlé, Ìyá wà ní pálọ̀, ìyá aránṣọ tó ń gbé ní yàrá òdìkejì jókòó tì wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ.

"Adájọ́ ti dé," Ìyá wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí láti kékeré, nítorí wọ́n ní bí àwọn bá bi mí ní ìbéèrè kan, méjì ni mo máa fi ń dáhùn.

Mo gé ọ̀rá àkọ́kọ́. Omi tí núdùlù náà wà nínú rẹ̀ dà sínú bẹ́sìnnì tí a fi ń fọ abọ́, òórùn rẹ̀ sì gba ilé kan.

"Ẹja wo lò ń sè níbẹ̀ yẹn?" Ìyá béèrè láti pálọ̀.

Mo ní kò sí ẹja, omi inú ọ̀rá ni. Wọ́n ní òórùn ẹja ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja odò tiwa. Ìyá aránṣọ ní bóyá ẹja òkè òkun tó ń gbààwẹ̀ bíi tàwọn ni.

Mo fọ núdùlù náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo dà á sínú páànù gbígbóná láìfi òróró sí i, mo ń rò ó títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ. Òórùn náà lọ. Mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo wá da òróró díẹ̀ sí páànù, mo fi àlùbọ́sà, áyù àti atalẹ̀ sí i. Kárọ́ọ̀tì ṣáájú nítorí ó le, kábéèjì àti tàtàṣé tẹ̀ lé e, wàrà sóyà tí mo ti gé wẹ́wẹ́ wọlé, lẹ́yìn náà núdùlù àti sọ́ọ̀sì sóyà tí mo ti ka ẹ̀yìn òun náà. Mo tọ́ ọ wò, ata ló kù. Mo na ọwọ́ sí ìgò ata gígún tó wà lórí pẹpẹ, mo bù ú sí i. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tó ìgbà tí ìkòkò ẹ̀wà yóò fi hó.

Ìyá fi ṣíbí bù ú sẹ́nu. Wọ́n rún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dúró. Wọ́n dìde, wọ́n tu ú dà sínú bẹ́sìnnì, wọ́n fi omi yọ ẹnu.

"Nǹkan odò wà nínú ẹ̀."

Òórùn omi inú ọ̀rá yẹn ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Mo lọ mú ọ̀rá náà wá, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n kà á tán.

"Mi ò bá ọ̀rá jà," wọ́n ní. "Edé ni. Edé tí mo lọ̀ fúnra mi. Ata wo lo bù?"

Mo nawọ́ sí ìgò orí pẹpẹ. Ìyá aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Nílé wa, edé àti ata gbígbẹ ni Ìyá máa ń lọ̀ pọ̀, kò sí ata gígún mìíràn. Mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, ahọ́n mi kò mọ̀ pé nǹkan méjì ni. Gbogbo ohun tí mo rà níta ni mo ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgò tiwa kò ní lébẹ́ẹ̀lì.

Ìyá aránṣọ ní Ọlọ́run rí ọkàn. Ìyá ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ahọ́n ló ṣì wà, àwọn kò gbé e mì. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì jẹun, òòyì àná sì ń bà mí lẹ́rù. Mo ní kí n sáré lọ ra ẹ̀wà.

"Ẹ̀wà kẹ̀? Ọ̀rá kan ò ha kù? Tún un sè. Gé rodo sí i. Kí o sì fi irú sí i."

Mo ṣàlàyé pé nínú gbogbo bí mo ṣe rí i lórí fóònù tí àwọn èèyàn ń sè é, mi ò rí ẹni tó fi irú sí i.

"Orí igi ni irú ti ń wá, àbí inú omi?"

Mo rò ó. "Orí igi ni, mà."

"Ó tán, Adájọ́."

Mo fi ọṣẹ fọ páànù, mo tún un fọ̀. Mo fọ núdùlù kejì, mo gé ẹ̀fọ́ tó kù. Lọ́tẹ̀ yìí, irú ló kọ́kọ́ kan òróró gbígbóná pẹ̀lú àlùbọ́sà, ilé sì wá ń ta sánsán bí ilé tiwa. Ìyá jẹ ṣíbí kan, wọ́n gbé e mì. Wọ́n jẹ èkejì.

"Ó dà bí ẹni ń jẹ okùn ìwọ̀," wọ́n ní. "Àmọ́ irú yẹn gbé e."

Wọ́n jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́, wọ́n wá béèrè bóyá ó kù nínú páànù. Ìyá aránṣọ, tó ti sọ pé òun ti jẹun, ní kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Èmi ni mo jẹ elédé. Ó dùn ju èyí tí mo fún wọn lọ, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò lè sọ pé núdùlù ló mú kí ṣúgà wọn rọlẹ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn tún yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí wọ́n ti dín ẹ̀bà kù, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sétí omi. Wọ́n parí ààwẹ̀ náà. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n bẹ Ọlọ́run fún, mi ò sì béèrè. Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé, láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé alẹ́ núdùlù náà, nígbà tí mo lọ gbé omi tíì kaná, ìgò ata ti di méjì lórí pẹpẹ. Wọ́n so òwú àwọ̀n ìpẹja mọ́ ọ̀kan lọ́rùn. Mo ṣí i, mo fi ìka kàn án, mo lá a. Ata lásán ni.